Ìbọn Tí Ó Purọ́ fún Ògúnkànmí

Ìbọn mẹ́ta ni Ògúnkànmí mọ̀ láyé rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bá a ṣòótọ́. Èkíní sọ bàbá rẹ̀ di arọ. Èkejì gba ìka méjì lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò mú ohunkóhun kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ṣe é léṣe jù.

Abúlé kan tí kò jìnnà sí Ibogun ni wọ́n ti bí i, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí tí ọ̀nà ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kan wà nínú ilé wọn tí ó gùn ju géńdé lọ, Májàámikulẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bàbá ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, bí ìyá àbíkú ṣe ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Málọmọ́. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹni tó ń fi orúkọ bẹ ìbọn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan." Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín, kò ní jiyàn.

Nínú ilé náà, bí ìbọn bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ké, wọn kì í sọ pé ó bàjẹ́. Wọn kì í sọ pé ó kọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó purọ́. Bàbá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ògúnkànmí láti kékeré. Ó ní bí ọdẹ bá ti gbé ìbọn lé èjìká, ìbọn ti ṣèlérí fún un nìyẹn. Bí ó bá wá fà á tí kò dún, irọ́ ló pa.

"Ìbọn tó bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ á tún un ṣe," ni bàbá wí. "Èyí tó purọ́ lónìí lè sòótọ́ lọ́la. Ta ló fẹ́ mọ ibi tí irọ́ náà sá sí?"

Lọ́jọ́ tí Májàámikulẹ̀ pa irọ́ tó tóbi jù, túùkú ni bàbá dojú rẹ̀ kọ, ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan tó ti ba ẹ̀gẹ́ gbogbo abúlé jẹ́. Ìbọn náà dún kọ̀ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi èékánná kan agolo, ó sì dákẹ́. Túùkú kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó fi eyín ya itan bàbá láti orókùn títí dé ìbàdí. Orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé ni wọ́n fi gbé e wálé. Títí ó fi kú, kò fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn mọ́.

Ìbọn kejì, Ògúnkànmí fúnra rẹ̀ ló rà á. Géńdé ni nígbà náà, ó sì ti búra pé ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu kò ní ṣe òun bí ó ti ṣe bàbá òun. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ọjà Ifọ̀ tó ń rọ irú èyí tó ń lo ọta inú páálí, bíi ti òyìnbó. Ó kúrú, ó ń dán, wọ́n kùn ún ní dúdú. "Irin gidi ni o," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Ọmọ ọmọ rẹ á jogún rẹ̀."

Páìpù omi ni. Ògúnkànmí kò mọ̀ títí di ọjọ́ tó fojú sun ọ̀yà kan létí oko àgbàdo, tí ìbọn náà fọ́ yángá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀yà sá lọ. Ìka méjì nínú ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Nígbà tó gbé ọwọ́ tí wọ́n faṣọ wé dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dìde lórí àpótí tó jókòó lé. "Ṣé mo ní kó o máa yìn ín bí ẹni ń jó ni? Ọmọ ọdẹ tí kò mọ ìbọn dì mú! Lọ bi bàbá rẹ léèrè, kì í ṣe èmi." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan dé orí ahọ́n Ògúnkànmí, ó sì tún padà sínú ọ̀fun. Bí ó ti rí nìyẹn láti ilẹ̀. Ó lè bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti pọ̀, ọ̀rọ̀ á fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó fi igbó sílẹ̀. Ó kó wá sí Ibafo, ó ń gbé búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé sórí irà tí wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí. Ibẹ̀ ló ti pàdé Nùsírátù, aránṣọ tó wá láti Ìsẹ́yìn, tí yàrá tirẹ̀ kọjú sí ti Ògúnkànmí. Nùsírátù lẹ́nu, Ògúnkànmí ní sùúrù, wọ́n bá fẹ́ra. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, Kaosarah ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún ń gorí ọdún, Ògúnkànmí kò fọwọ́ kan ìbọn, kò sì rò pé òun tún máa fọwọ́ kàn án títí òun á fi wọ káà ilẹ̀.

Ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó yá, kò lè gbé búlọ́ọ̀kù kankan kúrò nílẹ̀ mọ́. Oníbàárà kan ló wá sọ fún Nùsírátù pé àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò kan ní Mowe ń wá ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ géètì wọn.

Àdúgbò tuntun ni. Àwọn tó ti Èkó wá kọ́lé ló pọ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, oníṣòwò, àwọn tó máa ń jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, tí wọn kì í sì í padà títí oòrùn á fi wọ̀. Pásítọ̀ Bádéjọ ni alága wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí ni akọ̀wé, òun ni aláwàdà.

"Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ ọdẹ ni yín, Bàbá?" ni Adébánjí bi í níwájú ìpàdé wọn, lọ́jọ́ tí wọ́n pè é nítorí iṣẹ́ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìbọn yín dà?"

"N ò ní, sà. Fèrè àti tọ́ọ̀ṣì ti tó mi. Olè kì í fẹ́ ariwo."

"Bàbá, ọdẹ tí kò níbọn, kí ló fi yàtọ̀ sí àlejò tó ṣìnà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ògúnkànmí náà rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ ló ń wá. Báwo ni ọmọ ọdẹ ṣe fẹ́ sọ pé ìbọn ń ba òun lẹ́rù ju olè lọ?

Wọ́n lọ ra ṣakabùlà kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdẹ olóògbé kan ní Àgbàdo, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Awọ gbígbẹ kan wà tí wọ́n fi òwú dúdú dì mọ́ ìdí rẹ̀, owó ẹyọ kan sì wà lára awọ náà. Bí àwọn ìyá ilé ti rí i, ńṣe ni wọ́n pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tí wọ́n sún sẹ́yìn. Monísọ́lá, ìyàwó Adébánjí, fi ọwọ́ bo ikùn rẹ̀, torí ó wà nínú oyún nígbà náà.

"Bàbá Kaosarah," ni Pásítọ̀ Bádéjọ wí, "ẹ má bínú. A ò lè gbé ohun tí wọ́n fi bọ Ògún sí ẹnu géètì àwọn ọmọ Ọlọ́run. A ní láti yà á sí mímọ́."

Ó fi abẹ ké awọ náà dànù. Ó wá mú ìgò òróró jáde nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí Ògúnkànmí rí ìgò náà, ó fi ìka kan ilẹ̀ níwájú Pásítọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ra ìdí rẹ̀ nìkan. Ẹ má jẹ́ kó dé ibi ihò yìí. Ibẹ̀ ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù. Bí òróró bá wọ̀ ọ́, ó lè purọ́."

"Ó lè kí ni?"

"Ó lè purọ́, sà."

Adébánjí pàtẹ́wọ́. "Haa! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! Ìbọn Bàbá ń purọ́! Pásítọ̀, òróró nìkan ò tó. Ẹ rì í bọmi pátápátá, kó di àtúnbí!"

Àwọn ènìyàn fi ẹ̀rín gbè é. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ má fòyà, Bàbá. Ohun tí a fi fún Ọlọ́run kì í bàjẹ́." Ó da òróró náà láti ẹnu ìbọn títí dé ìdí rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bí ẹni ń fi òrí para fún ọmọ. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Kò mọ síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ra ìbọn náà lóróró, lẹ́yìn ìdúpẹ́. Ní ọ̀sán Àìkú bẹ́ẹ̀, Ògúnkànmí á jókòó sẹ́yìn géètì, á fi àkísà nù ún, á sá a sóòrùn, á pààrọ̀ ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n ẹni tó nu òde ìbọn, ta ló fẹ́ bá a nu inú rẹ̀? Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè mọ bóyá ìbọn náà ṣì ní òótọ́ nínú ni kó yìn ín wò, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yìn ín láìsí olè. Monísọ́lá ti bímọ, ọmọ tuntun kì í fẹ́ ariwo. Bí Ògúnkànmí ṣe ń ṣọ́ àdúgbò tọ̀sán-tòru nìyẹn pẹ̀lú ìbọn tí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ara rọ̀ ọ́ níbẹ̀. Pásítọ̀ fún un ní kóòtù tó nípọn fún ìgbà ọyẹ́. Adébánjí kì í ti Èkó dé kó má ra búrẹ́dì fún un. Á yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, á ní, "Bàbá Onírọ́! Ìbọn yín ńkọ́? Ṣé ó ti jẹ́wọ́?" Ògúnkànmí á dáhùn pé, "Kò tíì ronú pìwà dà o, sà," wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn ní àdúgbò náà tí Ògúnkànmí lè bá dá àpárá. Bí Kaosarah bá wá gbé oúnjẹ fún un, Adébánjí kan náà ló máa ń bi í léèrè iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn olè wá, nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà di funfun. Adébánjí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ògúnkànmí ń ṣí géètì fún un lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà méjì yọ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àdá. Wọn kò mú ìbọn dání. Wọ́n fa Adébánjí jáde, wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ògúnkànmí gbé ìbọn lé èjìká. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fi í sílẹ̀, mo máa yìn ín o!"

Gbogbo wọn dúró gbọnin. Àwọn méjì tiẹ̀ ti ń fẹ̀yìn rìn lọ síbi ọ̀kadà wọn. Adébánjí rí i pé ẹ̀rù ti bà wọ́n, ó rí ìbọn gígùn náà lókè, ọkàn rẹ̀ le. Ó di ọwọ́ olè tó ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Ògúnkànmí dojú ìbọn kọ èyí tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó fà á.

Kọ̀ọ́.

Ó tún fà á. Kọ̀ọ́.

Olè tí Ògúnkànmí dojú ìbọn kọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìbọn yín ti sùn o! Ẹ̀yin náà ẹ lọ sùn!" Èyí tí Adébánjí dì mú kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àdá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí apá Adébánjí. Ògúnkànmí sáré wọ àárín wọn, ó fi ìdí ìbọn la ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n tì í ṣubú sínú gọ́tà. Nígbà tó fi máa dìde, wọ́n ti gbé ọkọ̀ Adébánjí, ọ̀kadà ti tẹ̀lé e. Èyí tó kẹ́yìn yíjú padà, ó juwọ́ sí i, ó sì pariwo kí eruku tó bò ó.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ ṣé o! A dúpẹ́!"

Yẹ̀yẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rí bí ó ti ń rẹ́rìn-ín á mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Adébánjí dojú délẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kò rí ẹ̀rín. Monísọ́lá tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn kò rí i bákan náà. Ọpẹ́ nìkan ni àwọn méjèèjì gbọ́.

Wọ́n rán apá Adébánjí ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ dá, egbò ń jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò ká mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé. Pásítọ̀ Bádéjọ ti gba ìbọn lọ́wọ́ Ògúnkànmí láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó gbé e kọ́ sára ògiri nínú yàrá kékeré tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Ògúnkànmí pé kó má wá síbi iṣẹ́. Wọn kò kàn kí i mọ́ ni. Ọkọ̀ á dé, á ṣí géètì, fèrèsé ọkọ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ibafo kó tó délé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ọdẹ ló ta àwọn lándílọ́ọ̀dù fún olè. Nùsírátù bá obìnrin kan jà lẹ́nu kànga nítorí rẹ̀. Kaosarah kò fẹ́ gbé oúnjẹ lọ sí Mowe mọ́, kò sì sọ ìdí. Ògúnkànmí kò ronú nípa iṣẹ́ mọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹnì kan bi í léèrè ní gbangba, kí òun sì dáhùn, kí wọ́n lè dá orúkọ òun padà fún òun.

Wọ́n bi í léèrè. Òwúrọ̀ Sátidé ni, lẹ́yìn ìmọ́tótó, níwájú ilé Pásítọ̀. Àwọn lándílọ́ọ̀dù jókòó sórí àga oníke. Adébánjí jókòó níwájú, ó fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Nùsírátù tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá, ó dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bàbá Kaosarah," ni Pásítọ̀ wí, "ẹ dìde, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbọn yẹn fún wa."

Ògúnkànmí dìde. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà láti ilé. Ojú pọ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tò túká, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ jù, tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, ni ó jáde.

"Ó purọ́, sà."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Adébánjí wí. Kò pariwo. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní irọ́ ni."

"Rárá, sà. Ìbọn ni. Ìbọn ló purọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, bí ìbọn bá…"

"Ìbọn lẹ́nu?" Obìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìn. "Irin lásán! Ẹni tó mú un dání ló ń purọ́."

"Kí ló dé tó fi ní láti purọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an?" ni Pásítọ̀ bi í. Jẹ́jẹ́ ló bi í, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ní tòótọ́.

Ògúnkànmí wo ojú rẹ̀. Ó mọ ìdáhùn náà, ó sì mọ ohun tó máa ná òun.

"Òróró ni, sà. Ó ti wọ inú ihò náà. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Pásítọ̀ Bádéjọ kò bínú, ó kàn wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ bú.

"Òróró tí a fi gbàdúrà," ni Monísọ́lá wí, "òun ló gé ọkọ mi lápá? Òun náà ló ní kí olè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?"

"Yẹ̀yẹ́ ló fi mí ṣe, Ìyá Ọmọ. Ẹ̀rín ló ń rín."

"Ẹ gbé ìbọn náà wá," ni Adébánjí wí. "Ẹ jẹ́ kó yìn ín. Bó bá jẹ́ òróró ni, òróró ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá dún, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn."

Gbogbo wọn gbà pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Wọ́n lọ mú un wá nínú yàrá jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní kí Ògúnkànmí dojú rẹ̀ kọ òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Àwọn ìyá di etí ọmọ wọn.

Ní gbogbo ayé rẹ̀, bí Ògúnkànmí bá gbé ìbọn lé èjìká, àdúrà kan náà ló ń gbà, pé kó dún. Lọ́jọ́ náà, ó gbàdúrà pé kó dákẹ́. Àtàńpàkò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó máa lù. Bó bá fi dá irin náà dúró díẹ̀, díẹ̀ péré, kò ní lù dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ nínú gbogbo wọn. Ó mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbọn ló purọ́ mọ́, òun ni, ohun tí wọ́n sì ń sọ nípa òun á wá di òótọ́. Ó mú àtàńpàkò kúrò. Ó fà á.

Ìbọn náà bú gbàù.

Iyanrìn fò sókè. Èéfín dúdú bo ojú rẹ̀, ọmọ Monísọ́lá figbe ta, ajá gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Nínú èéfín náà ló ti yé e. Ọyẹ́ ti fẹ́ ìbọn náà gbẹ, ooru jẹnẹrétọ̀ ti yan án lálaalẹ́ títí òróró fi yọ́ jáde nínú ihò náà. Ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ láìmọ̀. Ó yíjú padà láti sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó rí ojú wọn, ọ̀rọ̀ náà padà sínú ọ̀fun.

"Kò purọ́," ni Adébánjí wí.

Àwọn kan ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Pásítọ̀ Bádéjọ gbọ́wọ́ sókè. Ó ní àwọn kò ní fa arúgbó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé ìdáríjì ni Olúwa kọ́ni. Kí Bàbá ṣáà bẹ Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, kí ó sì gbé ẹrù rẹ̀ kúrò ní géètì, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún, sà?" ni Ògúnkànmí bi í.

Ohùn Nùsírátù ló gbọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, Bàbá Kaosarah. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ká máa lọ sílé."

Ó bojú wẹ̀yìn wò ó. Kò lè mọ̀ lójú rẹ̀ bóyá ọlọ́pàá ló ń bà á lẹ́rù, tàbí nǹkan mìíràn. Nílẹ̀ wa, ẹni tí kò jẹ̀bi lè jókòó kó máa ṣàlàyé títí di alẹ́, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, àlàyé ti tán. Ògúnkànmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ju Adébánjí lọ tó ẹni tó lè bí i. Ó ronú nípa àgọ́ ọlọ́pàá, nípa Kaosarah tí wọ́n á máa nawọ́ sí nílé ìwé pé bàbá rẹ̀ wà ní àhámọ́. Ó bọ́ fìlà. Ó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú àga Adébánjí, àyà rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní.

Nígbà tí Adébánjí máa sọ̀rọ̀, omi ti wà lójú rẹ̀. "Mo máa ń ra búrẹ́dì fún yín," ó ní. "Kí ni mo ṣe fún yín, Bàbá? Mo máa ń ra búrẹ́dì fún yín."

Èyí ló dun Ògúnkànmí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó rí i pé ọkùnrin náà kò ṣìkà. Adébánjí gbà gbọ́ pátápátá ni pé Ògúnkànmí ta òun fún olè.

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀ bí ó ti wà nílẹ̀, ó gbàdúrà pé kí Olúwa dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í, kó sì fún un ní ọkàn tuntun. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Nùsírátù náà ṣe àmín, obìnrin tó jẹ́ pé kéwú ló fi ń gbàdúrà.

Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Ibafo. Nùsírátù tó lẹ́nu kò sọ ohunkóhun lójú ọ̀nà, ó gbé kóòtù àti ẹní ọkọ rẹ̀ lé itan. Nígbà tí wọ́n délé, ó ti ilẹ̀kùn. Kaosarah ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sẹ́lòmíràn nílé.

"Bàbá Kaosarah," ó ní, "èmi nìkan ló wà níbí. Mi ò ní bá yín jà. Ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ mọ àwọn ọmọ yẹn rí?"

Ògúnkànmí wò ó. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì sọ ní Mowe, kò sì rí i.

"Mo ti dọ̀bálẹ̀ ná, Nùsírátù," ó ní. "Rárá wo ló tún kù lẹ́nu mi?"

Nùsírátù dúró díẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ oníbàárà kan lọ.